Ilá Tó Gbó Lórí Àpáta

Ìka mi wà nínú ilẹ̀ dé oríkèé kejì nígbà tí aago olùyẹ̀wò dún nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Mi ò sáré yọ ọ́. Mo kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ gbọ́ tán: òkè ilẹ̀ ti gbẹ, ìsàlẹ̀ ṣì tutù, ilá yìí kò fẹ́ omi lónìí.

"Mama," ni Àgbàtọ́ wí lókè orí mi, "ìró yín ń bò mí lójú."

"Mo mọ̀."

"Mi ò rí àpótí ilẹ̀ mọ́. Ṣé kí n kúkú bomi rin ín bẹ́ẹ̀?"

"Bí ẹ̀kán omi kan bá jábọ́ lọ́wọ́ ẹ, màá fi òòlù tún orí ẹ ṣe."

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ̀rọ ni. Ó ní ọwọ́ irin mẹ́fà tó ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lórí òpó láti igun òrùlé mi kan dé ìkejì, ohùn rẹ̀ sì dùn bíi ti ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ. Ìró tí mo bá fọ̀ ni mo máa ń sá lé ojú rẹ̀ láràárọ̀, tí mo sì máa ń sọ fún un pé kò síbòmíràn tí oòrùn dé. Gbogbo ilé tó wà lórí àpáta Ìdànrè ló ní Àgbàtọ́ tirẹ̀, gbogbo èèyàn ló sì ń bọ̀wọ̀ fún un bí ẹni pé òun ló bí wọn. Èmi kì í bọ̀wọ̀ fún un. Títún irú wọn ṣe ni iṣẹ́ tí mo ṣe nígbà ọ̀dọ́ mi, mo mọ ohun tó wà nínú orí wọn, kò pọ̀.

Mo nu ìka mi, mo wọ ìbọ̀wọ́. Níbí, èékánná tó dúdú lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn. Bí wọ́n bá mú ọ pé o fọwọ́ kan ilẹ̀, àwọn aláàárù á gbé àpótí rẹ, wọ́n á lọ dà á sínú kòtò ìlú, ìwọ á sì padà sórí ewé àtẹ̀pọ̀ tí ìjọba ń pín, tó ń rùn bí àkísà tí wọ́n gbàgbé sínú omi. Mo ti jẹ ẹ́ rí. Mi ò fẹ́ jẹ ẹ́ mọ́.

"Ẹ kú ọwọ́ mímọ́, Ìyá Arínọlá!"

Olóyè Fadípẹ̀ nìyẹn, aládùúgbò mi, tó yọ orí lókè ògiri tó là wá láàárín. Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí mi bí gbogbo ìlú ṣe ń kíra. Ọwọ́ rẹ̀ funfun, ó rọ̀ múlọ́múlọ́, ọwọ́ ẹni tí kò tíì gbé nǹkan tó wúwo ju ṣíbí lọ.

"Ẹ kú ọwọ́ mímọ́, Olóyè." Mo na tèmi náà, tòun ti ìbọ̀wọ́.

"Lápálápá yẹn ò tíì lọ ni?"

"Kò tíì lọ." Irọ́ tí mo fi ń wọ ìbọ̀wọ́ nìyẹn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ wá wo ilá mi. Ẹ wò ó kí olùyẹ̀wò tó dé ọ̀dọ̀ yín, kí ojú má baà tì yín jù."

Mo wò ó. Àgbàtọ́ tirẹ̀ ti fi òróró pa gbogbo ewé náà láti òkè délẹ̀, wọ́n ń kọ mànà. Gbogbo igi ilá dọ́gba, wọ́n tò bí ọmọ iléèwé tí wọ́n fẹ́ yàwòrán wọn. Mo na ọrùn kọjá ògiri, mo wo abẹ́ ewé. Ó ti ń pọ́n bí ìyeyè, ohun funfun kan bí ìyẹ̀fun sì ti bò ó.

"Ó ń pọ́n lábẹ́, Olóyè."

"Òróró ni kò tíì tó. Mo ti ní kó fi kún un. Kó fi omi náà kún un."

Ẹ gbà mí! Ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún iṣu tó ní òun gbin igba, ó kéré tán, ó gbin ọgọ́rùn-ún. Ọkùnrin yìí ò gbin ẹyọ kan rí láyé rẹ̀, ó sì ń pè é ní ilá òun. Kì í sì í ṣe òun nìkan. Ewé tó bá dán ni àwọn olùyẹ̀wò máa ń yìn, nítorí náà gbogbo ìlú ń fi òróró pa ewé. Ewé tí wọ́n fi òróró pa kò lè mí, ó ń ṣàìsàn. Bó bá ṣàìsàn tó pọ́n, wọ́n á tún fi òróró kún un kó lè dán. Bí ẹ bá mọ ìlú mìíràn tí irú òmùgọ̀ báyìí wà, ẹ júwe rẹ̀ fún mi.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé wọ́n bí ọgbọ́n mọ́ mi. Ilá tí Àgbàtọ́ ń gbìn fún mi tẹ́lẹ̀ dán bíi tiwọn, kò sì yọ̀ lọ́bẹ̀ rárá, omi lásán ni. Lọ́jọ́ kan ni ìró mi ṣèèṣì bò ó lójú tí kò rí ilá kan ká. Ilá náà gbó lórí igi. Ó gbẹ, ó le bí eegun. Ẹnikẹ́ni lórí àpáta yìí ì bá pè é ní òkú, ká sáré gbé e jù nù kí wọ́n má baà fi ẹ̀sùn ìfiṣòfò kàn wá. Èmi mì ín létí, ó ń dún ṣẹkẹṣẹkẹ. Mo fọ́ ọ. Kóró ló wà nínú rẹ̀.

Mo gbìn ín, mo bu omi lé e láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ bí Àgbàtọ́ ṣe ń ṣe, ó jẹrà. Mo gbin òmíràn sí etí àpótí, níbi tí àpáta ti ń gbóná bí agbada lórí iná lọ́sàn-án, ó yan. Mo gbin ẹ̀kẹta, mo da èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù àti èèpo àlùbọ́sà sí i lẹ́sẹ̀, kòkòrò tọ èèpo wá, wọ́n jẹ gbòǹgbò mọ́ ọn. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé èèpo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di ilẹ̀dú. Inú ìkòkò kan tí mo dé ní balùwẹ̀ ni mo fi wọ́n pamọ́ sí, tí mo ń rò wọ́n lóòrèkóòrè. Òórùn rẹ̀ le. Fadípẹ̀ bi mí láti orí ògiri pé ta ló kú nílé mi. Mo ní ẹ̀wà ni mo jẹ.

Lẹ́yìn náà ni mo wá ń wo koríko. Koríko tí ẹnikẹ́ni ò gbìn ń hù nínú ihò àpáta, ṣùgbọ́n níbi tí òjìji ògiri máa ń bọ́ sí lọ́sàn-án nìkan. Mo gbé àpótí mi lọ síbẹ̀. Mo fi eérú sí ẹsẹ̀ igi kan, mi ò fi sí èkejì. Mo kọ́ láti má ṣe yí nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà, torí bó bá kú, mi ò ní mọ èyí tó pa á. Ilá tí mo pa pọ̀ ju èyí tí mo jẹ lọ. Mi ò sunkún lórí ìkankan nínú wọn. Irọ́ ni, mo sunkún lórí èkínní.

Olùyẹ̀wò wọlé. Ìbídàpọ̀ lorúkọ rẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò tíì tó ẹgbẹ́ ọmọ mi. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó na àtẹ́lẹwọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti wọlé, kò sì rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń rín. Kò bi mí léèrè ohunkóhun. Ó lọ tààrà sábẹ́ Àgbàtọ́, ó fa ìró mi bọ́ lójú rẹ̀.

"Kí lo rí?" ó bi ẹ̀rọ náà.

"Mo rí ilá tí kò dọ́gba," ni Àgbàtọ́ wí. "Mo rí ihò tí kòkòrò dá sí ewé. Mo rí eruku. Mo rí ilá tó gbẹ lórí igi, ìfiṣòfò nìyẹn. Mi ò rí ohun funfun kankan."

Ìbídàpọ̀ yíjú sí mi. "Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́ yẹn."

Ẹ̀rù bà mí. Mo ti ń bú gbogbo èèyàn láti àárọ̀, àmọ́ mo bọ́ ọ láìjiyàn. Èékánná mi dúdú. Ó wò wọ́n, ó mí kanlẹ̀.

"Ọgbà àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti kú tán," ó ní, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Tilé wa náà ti kú. Tiyín nìkan ni mo rí tó yè láti òwúrọ̀. Mo ti bá Ìgbìmọ̀ Ewé sọ̀rọ̀ kí n tó gun òkè wá, nípa ẹnikẹ́ni tí ọgbà rẹ̀ bá yè. Ẹ jẹ́ kí Àgbàtọ́ wò yín bí ẹ ṣe ń ṣe é, lẹ́ẹ̀kan péré. Ohun tó bá kọ́ lọ́dọ̀ yín, gbogbo Àgbàtọ́ orí àpáta á mọ̀ ọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n á dárí ọwọ́ yín jì yín. Wọ́n á fi yín jẹ Ìyá Ewé, wọ́n á gbé àwòrán yín kọ́ sẹ́nu bodè."

"Àpótí mi ńkọ́?"

"Ibí náà ló máa wà."

"Ọwọ́ mi ńkọ́?"

Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ mọ òfin, Mama. Ohun tí ẹ̀rọ bá ti mọ̀, ọwọ́ èèyàn kì í kàn án mọ́."

"Bí mo bá kọ̀?"

"Àwọn aláàárù wà nísàlẹ̀."

Ìyá Ewé! Mo yínmú. Oyè tí wọ́n fi ń tan àgbàlagbà jẹ. Àmọ́ mi ò ní parọ́, mo rò ó dáadáa. Mo ti dàgbà. Kí n jókòó sábẹ́ òjìji ògiri mi kí n máa wo ilá mi láìfọwọ́ kàn án, ó sàn ju kí n máa wo àpáta òfìfo. Mo sì máa jẹ nínú rẹ̀. Mo ní kó sọ ojú ẹ̀rọ náà kalẹ̀ kó wá wò.

Àgbàtọ́ sọ ojú kalẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èjìká mi.

"Báwo ni omi ṣe máa pọ̀ tó, Mama?"

"Ó dọwọ́ ilẹ̀. Ti ìka bọ̀ ọ́ báyìí. Tó bá gbẹ débí, bu omi sí i. Tí kò bá gbẹ, fi í sílẹ̀."

"Ọwọ́ irin ni mo ní. Kò mọ ohun tó tutù yàtọ̀ sí èyí tó gbẹ."

"Nígbà náà, bu omi sí ọ̀kan, má bu sí èkejì. Èyí tó bá kú á kọ́ ẹ lọ́gbọ́n."

"Mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ohunkóhun kú," ni ẹ̀rọ náà wí pẹ̀lú ohùn ìyàwó rẹ̀ yẹn. "Ẹ sọ ọ̀nà kan fún mi, Mama. Ọ̀kan péré. Màá ṣe é níbi gbogbo."

"Ẹ kúkú sọ ọ̀kan fún un," ni Ìbídàpọ̀ bẹ̀ mí. "Èyíkéyìí tó bá ṣe fún tiyín."

Mo lè sọ ọ̀kan. Kò gba ju gbólóhùn méjì lọ: bu omi díẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, fi eérú sí i, má fi òróró kàn án. Lẹ́yìn ògiri mi níbí, ilá mi á máa so. Ní ti Fadípẹ̀, níbi tí oòrùn ti ń na àpáta láti àárọ̀ dalẹ́, á gbẹ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ní ìsàlẹ̀, níbi tí omi ti ń sun láti ara àpáta tọ̀sán-tòru, á jẹrà. Wọ́n á pàdánù èyí tí wọ́n bá tún gbìn, èmi á sì máa jẹ ilá tó yọ̀ dáadáa lábẹ́ àwòrán mi. Inú mi dùn sí i fúngbà díẹ̀. Kí ni wọ́n jẹ́ fún mi?

Mo wo orí ògiri. Gbogbo wọn ti jáde, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́jọ́ àyẹ̀wò, láti ògiri dé ògiri títí lọ bá ìdí àpáta. Wọ́n dúró, wọ́n la ẹnu sílẹ̀, wọ́n ń retí kí ẹnìkan tàbí ẹ̀rọ kan sọ ohun tí wọ́n máa ṣe fún wọn, bí adìẹ tó ń retí ẹni tó máa fọ́n ọkà. Mo kórìíra ìwà yẹn débi pé ó korò lẹ́nu mi. Lẹ́yìn náà ni mo rí Fadípẹ̀. Kò wò mí. Ewé kan ti já bọ́ lára ilá rẹ̀, ó mú un dání lọ́wọ́ rírọ̀ yẹn, ó ń fi etí agbádá rẹ̀ nu òróró kúrò lójú ewé náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí èèyàn ṣe ń nu imú ọmọ. Ewé tó ti já! Inú tún bí mi, torí pé ó jẹ́ kí àánú rẹ̀ ṣe mí.

"Mi ò sọ ọ̀nà kankan fún un," mo ní.

"Mama!"

"Kò sí ọ̀nà kan. Bí mo bá fún un ní ọ̀kan, ó máa fi pa ilá gbogbo ìlú, ìwọ á sì ti gbé àwòrán mi síbi tí wọ́n á ti máa tutọ́ sí i. Gbé ojú ẹ kúrò lórí mi, ìwọ."

Àgbàtọ́ gbé ojú rẹ̀ sókè. Mo ṣẹ́ àwọn ilá gbígbẹ lórí igi, gbogbo wọn, mo kó wọn sínú ìṣẹ́po ìró mi, mo lọ sídìí ògiri.

"Fadípẹ̀."

Ó gbójú sókè. Mi ò pè é lóyè, kò sì rántí bínú.

"Na ọwọ́ ẹ."

Ó na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ kíni. Mo fọ́ ilá kan sí i. Kóró rẹ̀ dà sọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Ilá ni."

"Ìyá Arínọlá, ilá kọ́ nìyí."

"Ilá tó gbó ni. Inú ẹ̀ ni ilá ti ń wá. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí ẹ lo ti ń jẹ ẹ́, o ò béèrè ibi tó ti ń wá rí lọ́jọ́ kan. Ti ìka ẹ bọ ilẹ̀ kí o gbìn ín."

"Òfin ńkọ́?"

"Òfin ló gbin èyí tó ń kú lẹ́yìn ẹ yẹn."

Ó bojú wẹ̀yìn. Ó pa àtẹ́lẹwọ́ dé mọ́ kóró náà.

Mo kó àwọn ilá yòókù lé ògiri níwájú rẹ̀. "Tìẹ ti wà lọ́wọ́ ẹ, sún ìwọ̀nyí síwájú. Kí ẹnikẹ́ni má mú méjì. Ẹ gbìn ín bó ṣe wù yín. Ẹni tí tirẹ̀ bá hù kó sọ bó ṣe ṣe é fún aládùúgbò rẹ̀, ẹni tí tirẹ̀ bá kú kó sọ tirẹ̀ náà."

Ó sún un síwájú. Mo rí i bí ó ṣe ń lọ láti ògiri dé ògiri, bí àwọn kan ṣe fi aṣọ gbà á bí ohun tó ń jóni, bí obìnrin kan ṣe gbé tirẹ̀ sétí tó sì mì ín.

"Ẹ dá a dúró!" ni Ìbídàpọ̀ ké. "Ilé tó bá fọwọ́ kan ilẹ̀, màá gba àpótí wọn! Gbogbo wọn ni màá gbà!"

"Níbo lo máa kó o sí?" mo bi í. "Kòtò yẹn ò lè gba ilẹ̀ gbogbo ìlú padà. Àti pé ta ni wàá wá máa yẹ̀ wò? Bẹ̀rẹ̀ níbí, ọmọ mi. Tèmi ti tó ẹ jẹ lónìí."

Ó wò mí bíi pé kó gbá mi létí. Ó sì tún wò mí bíi pé kó jókòó kó sunkún. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́ sí àtẹ̀gùn, àwọn aláàárù gòkè wá.

Wọn kò fa ilá tu. Wọ́n gbé àpótí náà tòun ti igi, òkè rẹ̀ ń mì lọ mì bọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Igi tí mo fi eérú sí ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ga jù, òun ni mo fojú sin títí tí mi ò fi rí i mọ́. Ó dùn mí. Mo rò pé mo ti mọ bó ṣe máa dùn mí tó, mi ò mọ̀ ọ́n. Ibi tí àpótí wà tẹ́lẹ̀ tutù, ó ní àmì onígun mẹ́rin, oòrùn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà á gbẹ. Àgbàtọ́ ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lókè, ó ń bi mí pé ibo ni kí òun bu omi sí. Mo yọ okùn iná rẹ̀.

Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn ògiri, mo yọjú. Fadípẹ̀ ti ká agbádá lé èjìká. Ó ti gbẹ́ ihò kan tó lè gba orí ewúrẹ́, ó da gbogbo kóró náà sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó bo ilẹ̀ lé e, ó wá ń fi ẹ̀ṣẹ́ gún un mọ́lẹ̀ kí ó lè le. Lẹ́yìn náà, ó gbé garawa, ó da gbogbo omi inú rẹ̀ sí i. Ilẹ̀ ti dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ẹnu ń yún mi. Mo fi eyín di ahọ́n mi mú.

"Ìyá Arínọlá!" Ó ti rí mi. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí?"

"Rárá."

"Kí ni mo ṣe tí kò dáa?"

"Mi ò ní sọ."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó tún wò mí. "Tó bá wá kú ńkọ́?"

"Ó máa kú," mo ní. "Tó bá kú tán, kí o wá bi mí ní ìbéèrè tó nítumọ̀."